Aṣọ Tí Kò Ráyè Ṣí

Àbúrò mi ọkùnrin ni ó mú ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì wọ agbo ilé wa ní Ìwó. Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Káfíńtà ni. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní ẹ̀yìn ìlú ni ó gbà á sí iṣẹ́ pé kí ó máa kan bẹ́ǹṣì àti tábìlì, kí ó sì máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ igi. Èmi ní tèmi, aránṣọ ni mí. Ọkọ mi ti kú, a kò bí ọmọ, mo sì ti kó ẹrù mi padà sí ilé bàbá wa. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ìyá wa ń gbé yàrá inú. Bàbá wa ti lọ tipẹ́. Àwa mẹ́ta ni ó kù.

Kí àbúrò mi tó di káfíńtà, ó ti ṣe ọmọ ogun. Ó wà lára àwọn tí ìjọba kó lọ sí ogun Bọ́mà ní òkè òkun. Ẹni tí ó lọ jẹ́ aláriwo, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ẹni tí ó padà wá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí bàálù bá kọjá lórí ìlú, gbogbo agbo ilé á tú jáde, àwọn ọmọdé á máa juwọ́ sí i, wọ́n á máa kọrin. Àbúrò mi á rọra wọ abẹ́ òrùlé, á fara ti ògiri, á dúró síbẹ̀ títí ìró rẹ̀ yóò fi jìnnà. A rò pé ìbọn ni ó ń bẹ̀rù. Kì í ṣe ìbọn.

Ohun kan ni ó máa ń sọ nípa ogun náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó ní inú igbó kìjikìji ni wọ́n wà, kò sí ọ̀nà, kò sí ọjà. Òkè ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Bàálù á fò kọjá, á da ẹrù sílẹ̀, aṣọ ńlá kan á sì ṣí lórí ẹrù náà bí agbòòrùn, á máa gbé e bọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Páráṣúùtì ni wọ́n ń pe aṣọ náà. Ó tún máa ń sọ nípa Íńdíà, níbi tí wọ́n ti dúró kí wọ́n tó wọ Bọ́mà. Àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe ọdún, wọ́n ń ti iná bọ ìdí ọ̀pá kékeré kan, ọ̀pá náà á ta fìì lọ sókè, á bú gbàmù, ó parí nìyẹn.

Ó wí fún mi pé, "Òfò ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí ènìyàn bá rán lọ sókè, ó yẹ kí ó ti mọ bí yóò ṣe padà wá."

Ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí ó tó fi ọwọ́ kan nǹkan. Ìgbà tí ó wá bẹ̀rẹ̀, kò dáwọ́ dúró mọ́. Ó wá ọparun gbígbẹ, ó ha inú rẹ̀ mọ́, ó fi òwú wé ara rẹ̀ gírígírí kí ó má baà là. Ó gbẹ́ imú fún un láti ara igi fífúyẹ́, ó fi pákó pẹlẹbẹ ṣe ìyẹ́ sí ìdí rẹ̀. Ọdẹ kan ní àdúgbò wa ń fún un ní ẹ̀tù ìbọn. Bí ó ṣe ń ṣe ẹ̀tù náà tí ó fi ń ti ọparun lọ sókè dípò kí ó bú lójú kan, n kò mọ̀, n kò sì béèrè. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni òun ń pè é. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní ìbọn ojú ọ̀run.

Ìyá wa kò fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Ṣé ogun tí o jà kò tíì tó ọ ni?" wọ́n bi í. "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń gbé ìyàwó, ìwọ ń gbé ọparun."

"Ìyá mi, èyí kì í pa ènìyàn."

"Ohun tí ó bá ń jẹ ẹ̀tù lè pa ènìyàn."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé ọparun rẹ̀, ó jáde.

Pápá kan wà ní ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ náà tí wọ́n máa ń jó koríko rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibẹ̀ ni ó ti ń yìn ín. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ń lọ sókè dáadáa, ìpadàbọ̀ ni wàhálà. Orí ni ó fi ń wálẹ̀. Á kọ lu ilẹ̀ líle, ọparun á là, imú tí ó ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrọ̀lẹ́ gbẹ́ á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ó kó àfọ́kù ọ̀kan wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi bí ẹni tí ó kó egungun adìyẹ wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi rán agbòòrùn fún un."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ìborí ṣẹ́dà mi kan tí ó ti gbó ni a fi bẹ̀rẹ̀. Mo gé e róbótó, mo ṣẹ́ etí rẹ̀, mo so òwú mọ́ ọn yí ká, òun sì so gbogbo òwú náà pọ̀ mọ́ inú imú igi. Ètò rẹ̀ ni pé bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti lọ sókè dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, okùn kan tí ń jó díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò gbé iná dé orí ẹ̀tù kékeré kejì. Ẹ̀tù kejì yìí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó ti imú kúrò lẹ́nu ọparun, kí ó sì lé aṣọ jáde. Láti ilẹ̀, a máa ń gbọ́ ìró rẹ̀, pó, bí ẹni tí ó ṣí ìdérí ìgò.

Aṣọ àkọ́kọ́ jóná. Àkísà dúdú ni ó padà bá wa. Ó gé awọ ewúrẹ́ róbótó, ó fi dí àárín ẹ̀tù àti aṣọ, iná kò sì tún kan aṣọ mọ́. Ìkejì kò jóná ṣùgbọ́n kò ṣí, òwú rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra wọn bí irun tí a kò yà. Nígbà náà ni ó jókòó tì mí lórí ẹní, tí ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ká páráṣúùtì lójú ogun: a ó kọ́kọ́ ká aṣọ sí ìdajì, a ó tún un ká, a ó wá tẹ́ òwú lé e lórí ní lílọ-bíbọ̀ láìjẹ́ kí ó kọjá lórí ara rẹ̀. Mo bu pọ́ọ́dà ìpara mi sí i láàárín kí ó má baà lẹ̀ mọ́ra. Èyí ni mo ronú kàn fúnra mi, inú rẹ̀ sì dùn sí i.

Ìkẹta ṣí, ṣùgbọ́n ó ń mì bí ọ̀mùtí, sí ọ̀tún, sí òsì, títí ó fi gbá imú igi mọ́ ẹ̀ka igi. Ó ní afẹ́fẹ́ tí ó há sínú aṣọ ni kò rí ọ̀nà jáde. Mo dá ihò kékeré sí àárín orí rẹ̀, mo ṣẹ́ etí ihò náà dáadáa, ó sì dẹ́kun mímì. Òmíràn ya láti òkè délẹ̀ nítorí pé ó ṣí nígbà tí eré rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì pọ̀. Mo rán tépù, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó nípọn, gba orí rẹ̀ kọjá ní ọ̀nà mẹ́rin. Òmíràn fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ gbé e, àbúrò mi gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Olúpọ̀nnà, ó sì bá a lórí igi kòkó olóko kan tí ó ti ń gbé àdá bọ̀. Mo dín aṣọ kù.

Báyìí ni a ṣe ń bá a lọ. Nígbà tí òjò dé, a dáwọ́ dúró. Nígbà tí òjò lọ, a ti ní ọ̀kan tí ó lọ tí ó bọ̀, tí a tún kó ẹ̀tù sí, tí ó tún lọ tí ó tún bọ̀. Ọjọ́ tí ó gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kejì láìní ojú àpá, ó gbé e lé ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ẹ wò ó. Ọ̀kan náà ni." N kò rí i kí ó láyọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ó ti dé láti ogun.

Ọdún yẹn náà ni àwọn ará Rọ́ṣíà ju irin tí ń yí ayé po sí ojú ọ̀run. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní rédíò oníbátìrì, àwọn olùkọ́ sì máa ń péjọ sí ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti gbọ́ ìròyìn. Àbúrò mi ń bá wọn lọ. Ó wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mi láìbọ́ bàtà.

"Wọ́n ti fi ajá kan ránṣẹ́ sókè," ó wí.

"Ajá kẹ̀?"

"Ajá. Ó ń yí ayé po báyìí tí a ń sọ̀rọ̀ yìí."

"Nígbà wo ni yóò padà?"

"Kò ní padà. Wọn kò ṣe ètò ìpadàbọ̀ fún un."

Mo ní, "Ajá ṣáà ni."

Ó wò mí títí ojú fi tì mí. Kò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sọ pé òun fẹ́ kí àwọn ènìyàn rí tiwa, kí wọ́n rí i pé ó ń padà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbà pé kí ó fi í hàn ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń parí ẹ̀kọ́ fún Kérésìmesì, nígbà tí àwọn òbí bá wà níjókòó.

Ọyẹ́ ti dé lọ́jọ́ náà. Ètè gbogbo ènìyàn gbẹ, eruku bo ewé. A jókòó sí eteetí pápá, àwọn ìyá ní apá kan, àwọn bàbá ní apá kejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iwájú lórí ilẹ̀. Ìyá wa kò wá. Èmi ni mo ká aṣọ lọ́jọ́ náà lórí ẹní, àbúrò mi sì dúró tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi.

Ìlọ àkọ́kọ́ dára. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ta, ó wọ inú ọyẹ́, a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i mọ́. A gbọ́ ìró kékeré náà, aṣọ funfun sì ṣí lórí wa. Àwọn ènìyàn hó yèè. Ìyá kan tí ó jókòó tì mí di apá mi mú, ó ń wí pé, "Ó ń bọ̀! Ó ń bọ̀ wá sílé!" Ó balẹ̀ sí àárín pápá bí adìyẹ tí ó fẹ́ sàba.

Àbúrò mi gbé e sókè kí wọ́n rí i. Ó ní, "Ẹ má tíì dìde. Ìdí tí mo fi pè yín nìyí. Èyí kan náà ni yóò tún lọ."

Mo tún aṣọ ká. Ó kó ẹ̀tù tuntun sí i, ó fi okùn tuntun sí i, ó dì í, ó tanná sí i. Ó lọ sókè bí ti àkọ́kọ́. Èéfín tán. A ń retí ìró kékeré náà. A retí. Kò sí. Mo rí i kí àwọn tí ó kù tó rí i, ó ti sọ orí kodò, ó ń bọ̀ lọ́gangan. Ó bọ́ sí oko ẹ̀gẹ́ tí ó wà ní ìkángun pápá, ó fi imú gún orí ebè kan, ó sì dúró ṣánṣán síbẹ̀.

Àwọn ọmọdé dìde, wọ́n sáré lọ bá a. Wọ́n ti rí i pé kì í ṣe ohun tí ń pani. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni yóò gbé e wá. Àbúrò mi kígbe, "Ẹ dúró! Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ohùn ọmọ ogun ni ó fi kígbe, n kò tíì gbọ́ ohùn náà lẹ́nu rẹ̀ rí. Wọn kò dúró. Wọ́n rò pé eré ni. Ó wá sáré kọjá lára wọn, ó ti ọ̀kan nínú wọn ṣubú, ó dé ibẹ̀ ṣáájú wọn. Èéfín tín-ín-rín kan ń jáde lára ọparun náà, mo rí i láti ibi tí mo wà. Okùn inú rẹ̀ kò kú, ó kàn ń pẹ́ ni. Ó fa rọ́kẹ́ẹ̀tì náà tu kúrò nínú ebè, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọmọ náà, ó tẹ̀ síwájú láti jù ú sínú igbó.

Ó bú mọ́ ọn lọ́wọ́.

N kò ní sọ gbogbo ohun tí mo rí. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti kúnlẹ̀, ó gbé apá rẹ̀ ọ̀tún sókè, ó ń wò ó pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo tí ó kù fún un láti fi wò. Àwọn ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò fara pa. Kò sí ẹni tí ó sunkún níbẹ̀, àfi ìyá kan tí ó ń sunkún pe ọmọ tirẹ̀. Mo bọ́ ìborùn mi, mo fi di apá rẹ̀. Mọ́tò ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni ó gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú mìíràn. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, ohun kan náà ni ó ń bi mí léèrè: "Àwọn ọmọ náà ń kọ́? Àwọn ọmọ náà ń kọ́?"

Dókítà gé ọwọ́ náà ní ọrùn ọwọ́. Ojú ọ̀tún ti fọ́.

Ìyá wa kò bá mi sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n wá sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá wọn ni wọ́n ti sọ ọ́, wọn kò wo ojú mi. "Aṣọ tí o rán ni kò ṣí."

"Ìyá mi..."

"Gbogbo ìlú ni ó rí i. Ìṣáájú ṣí. Èyí tí o tún ká kò ṣí."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Èmi náà ti ń rò ó.

Olùkọ́ kan ni ó kó ìyókù rọ́kẹ́ẹ̀tì náà wá fún mi nínú àpò. Mo gbé e pamọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kí n tó lè wò ó. Ẹ̀gbẹ́ ọparun ti fọ́ yángá, ṣùgbọ́n apá òkè rẹ̀ ṣì wà, imú igi náà sì há sẹ́nu rẹ̀ pinpin. Ó ti wọlé síbẹ̀ jù nígbà tí ó kọ lu ebè. Òòlù ni mo fi yọ ọ́. Mo ti ìka bọ inú rẹ̀, mo fa aṣọ náà jáde. Ó wà ní kíká bí mo ṣe ká a. Òwú rẹ̀ wà ní títẹ́ bí mo ṣe tẹ́ ẹ. Ó ń rùn pọ́ọ́dà. Àfi etí kan tí ó dúdú díẹ̀.

Mo gbé e lọ bá a ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti di ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé aṣọ jáde?" ó bi mí kí n tó jókòó.

"Kò jáde."

"Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

Mo gbé e sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tọ gbogbo ìká rẹ̀ wò, láti etí dé etí, bí ẹni tí ń ka owó ẹyọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Okùn ni. Iná pẹ́ nínú okùn. Nígbà tí ó dé ibi ẹ̀tù, imú ti há, kò sí ọ̀nà níwájú. Ẹ̀gbẹ́ ni ó gbà." Ó dá aṣọ náà padà fún mi. "Ọwọ́ mi ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́."

"Ìyá wa ní aṣọ ni."

"Kì í ṣe aṣọ. Aṣọ kò ráyè ṣí."

Mo sọ èyí fún ìyá wa nígbà tí mo délé. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n sì wọ yàrá wọn lọ. Ṣùgbọ́n kí àbúrò mi tó padà, wọ́n kó gbogbo ohun tí ó jẹ mọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ilé, ọparun, imú igi, awọ ewúrẹ́, gbogbo aṣọ tí mo ti rán, wọ́n dà á sí ṣáláńgá. Nígbà tí ó dé, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo wá inú yàrá rẹ̀ yí ká. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó padà jókòó.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ ìyá arúgbó kan báyìí. Ilé-Ogbó ni wọ́n ń gbé. Ọmọ wọn kan ṣoṣo àti àbúrò mi ni ó jọ wọ iṣẹ́ ogun lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì jọ dé Bọ́mà. Ọmọ náà kò padà. Àbúrò mi ni ó lọ sọ fún wọn nígbà tí ó dé, pé ìbọn ọ̀tá ni ó bà á, pé kò jẹ̀rora. Láti ìgbà náà ni ó ti ń lọ kí wọn, á la igi fún wọn, á tún òrùlé wọn ṣe. Wọ́n ń pè é ní ọmọ.

Nígbà tí ìyá arúgbó yìí gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọ́n wọ lọ́rì wá sí Ìwó. Wọ́n jókòó sórí ẹní níwájú àbúrò mi, wọ́n gbé apá kúkúrú náà lé ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń fọwọ́ pa á.

"Ìbọn tí ó pa èkejì rẹ," wọ́n wí, "òun náà ni ó tọ̀ ọ́ wá délé. Kò gbàgbé rẹ. Ọlọ́run yóò mú ẹni tí ó yìn ín."

Àbúrò mi yí ojú sí ògiri. Ìyá arúgbó náà rò pé ìrora ni, wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n sì lọ. Bí wọ́n ti jáde, ó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ìbọn ni ó pa á. Bí mo bá ti lè rìn, ẹ bá mi dé Ilé-Ogbó."

A lọ. Ìyá arúgbó náà wà ní ẹ̀yìn ilé, wọ́n ń fi òkúta pa ẹkùrọ́. Àbúrò mi fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kò tíì mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan dọ̀bálẹ̀, ó ṣubú síwájú, ó fi èjìká gbá ilẹ̀. Mo fẹ́ gbé e dìde, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ó wà tí ó fi sọ̀rọ̀.

"Ìyá, irọ́ ni mo pa fún yín. Kì í ṣe ìbọn ni ó pa èkejì mi. Àpò ìrẹsì ni. Láti inú bàálù ni ó ti bọ́. Páráṣúùtì rẹ̀ kò ṣí."

Òkúta dúró ní ọwọ́ wọn. Wọn kò tètè lóye ọ̀rọ̀ náà. Ó tún un sọ, ó ṣàlàyé bàálù, ó ṣàlàyé bí oúnjẹ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ebi ń pa yín?" wọ́n bi í.

"Ebi ń pa wá gan-an, Ìyá. A ti ń retí bàálù náà. Nígbà tí a gbọ́ ìró rẹ̀, òun ni ó kọ́kọ́ sáré jáde. Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Oúnjẹ ni ó pa ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Adìyẹ kan wá, ó ń ṣa ẹkùrọ́ fífọ́ jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọn kò lé e.

"Kí ni ẹ fi wé e tí ẹ fi sin ín?"

"Aṣọ náà, Ìyá. Èyí tí kò ṣí. A tú u, a fi wé e."

"Ó tó o?"

"Ó fẹ̀. Ó bò ó tán, ó tún ṣẹ́ kù."

"Ṣé funfun ni?"

"Funfun ni."

Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé wọn yóò sunkún, ǹ bá sì bá wọn sun ún. Ohùn wọn kò yí padà rárá nígbà tí wọ́n sọ pé, "Òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń ṣépè fún ẹni tí ó yìnbọn fún ọmọ mi. Mo ń ṣé e kí n tó bọ́jú. Ta ni mo ti ń ṣépè fún?"

Àbúrò mi fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Ẹ máa lọ sílé," wọ́n wí. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa lọ. Mo ní ọ̀fọ̀ láti tún ṣe."

Mo gbé àbúrò mi dìde. A kò rí lọ́rì, a sì fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn. Mo sọ fún un pé ó ti ṣe ohun tí ó tọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gba ìbọn náà lọ́wọ́ wọn, n kò sì ní ohun kankan láti fi rọ́pò rẹ̀."

Ìyá arúgbó náà kò ránṣẹ́ sí wa mọ́. Wọ́n kú nígbà tí òjò ọdún náà ń rọ̀ kíkankíkan. A lọ síbi ìsìnkú. Àwọn ẹbí wọn kí mi, wọ́n wo apá àbúrò mi, wọ́n béèrè ẹni tí ó jẹ́. Mo sọ pé ọ̀rẹ́ ọmọ olóògbé ni. Ẹnìkan gbé àpótí fún un láti jókòó, kò jókòó. Nígbà tí wọ́n ń bo sàréè, ó ti rìn lọ sí ojú ọ̀nà, ibẹ̀ ni mo sì bá a.

Ilé ẹ̀kọ́ ti gba káfíńtà mìíràn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá bá wa sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó jókòó pẹ́, ó ń fi aṣọ ìnujú nu gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní kí àbúrò mi máa wá lu agogo. Ó lù ú fún sáà kan. Lẹ́yìn náà ojú òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà sọ fún wa pé ojú tí ó fara gbọgbẹ́ a máa fa èyí tí ó yè sẹ́yìn nígbà mìíràn, pé bí àwọn bá ti yọ èyí tí ó fọ́ kúrò ní kùtùkùtù, bóyá. Ó dúró síbẹ̀, kò parí ọ̀rọ̀ náà. Kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, ìró ẹsẹ̀ ni àbúrò mi fi ń mọ̀ mí.

Ó jókòó lásán fún ìgbà pípẹ́. Ìyá wa ni ó gbé igi kan fún un nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì di igi náà mú, ó fi ọwọ́ òsì gbẹ́ ẹ. Ó gé ara rẹ̀. Mo fẹ́ gba ọ̀bẹ náà, ìyá wa di ọwọ́ mi mú. Èyí tí ó kọ́kọ́ parí kò ṣe é lò fún ohunkóhun. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó ń gbẹ́ ẹrúkọ́ tí àgbẹ̀ lè fi roko, àwọn ará oko Olúpọ̀nnà sì ń yà láti wá mú un bí wọ́n bá ń ti ọjà bọ̀.

Ìyá wa kò sọ̀rọ̀ aṣọ náà sí mi mọ́. Wọn kò sì sọ fún mi rí pé aṣọ kọ́. Bí a ṣe wà nìyẹn ní ìyókù àwọn ọdún náà: èmi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń rán yúnífọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́; àbúrò mi ní ẹsẹ̀ ògiri, tí èérún igi kún ara rẹ̀; ìyá wa nídìí ààrò, wọ́n ń pe àwa méjèèjì wá jẹun.